Ohun Tí Gìtá Kọ́ Mi Kí N Tó Mú Búrọ́ọ̀ṣì

Ó pẹ́ tí mo ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán, àwọn ọ̀dọ́ olórin tó ń wá bá mi ní Òṣogbo sì máa ń béèrè bóyá dandan ni kí ènìyàn pa orin tì kí ó tó lè di ayàwòrán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn ìlú wa pàápàá kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Orin àti ijó ni Twins Seven-Seven bá wọ Òṣogbo kí ó tó di ayàwòrán níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964. Inú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ ni Muraina Oyèlámì náà ti wá, kò sì torí àwòrán pa ìlù tì.

Ọ̀nà tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Iṣẹ́ Claude Monet, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n pàtẹ ní Paris ní 1874, ni mo ń wò kọ́gbọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé nǹkan ni wọ́n ń yà ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ, wọn kì í sì í po àwọ̀ títí yóò fi kú. Wọ́n á fi ọ̀kan lé ẹ̀gbẹ́ èkejì, kí ojú ẹni tó ń wò ó lè pa wọ́n pọ̀. Nínú jùjú, gìtá tó ń ṣáájú àti èyí tó ń gbè é kì í ta ohun kan náà, síbẹ̀ orin kan ṣoṣo ni oníjó ń gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti fi àwọ̀ lélẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Olórin mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́.

Ẹ lọ wo páànù tó ti dípẹtà ní Òkè-Bàálẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀: òkè rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, òjìji abẹ́ rẹ̀ kò sì ní dúdú rárá, aró ni. Ẹ má fi ọ̀dà dúdú kun òjìji. (Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ ìlú aró.) Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í pẹ́ lọ, ẹ má sì lé e; ẹ padà wá ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń tún orin kan náà dá wò.

Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi. Òróró inú rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń fún láti ara irúgbìn ọ̀gbọ̀, ń fa afẹ́fẹ́ mu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le. Ẹ fi tọpẹntáìnì po ìpele àkọ́kọ́ kí ó fẹ́lẹ́, kí òróró sì máa pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń gòkè. Bí ẹ bá dà á rú, èyí tó wà lókè á gbẹ ṣáájú, á sì là wẹ́wẹ́.

Ní ti owó, ẹnikẹ́ni kì í lẹ náírà mọ́ ayàwòrán níwájú orí. Ẹ ṣì máa gba òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ owó ọ̀dà funfun nínú rẹ̀, nítorí òun ló máa ń tètè tán jù.