Lésà àtọwọ́dá: fókọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé wáàtì mélòó ni lésà tí mo tò jọ nílé l'Ifẹ̀ yìí, wáàtì 5 ni o, àmọ́ kì í ṣe wáàtì ló ń jẹ́ kó fín pákó dáadáa, fókọ́ọ̀sì ni, ìyẹn bí iná ẹ̀ ṣe kóra jọ sójú kan. Ẹ lè ra èyí tó lágbára jù ú lọ, tí ojú iná ẹ̀ bá ti fẹ̀, pákó á kàn máa jó ni, lẹ́tà ò ní mọ́.

Títò ẹ̀ ò le rárá: Arduino Uno (pátákó kékeré tó ń darí ẹ̀rọ), CNC shield (pátákó tí wọ́n ń kì bọ orí ẹ̀ láti so mọ́tò mọ́ ọn), mọ́tò stepper (èyí tó ń yí ní ìgbésẹ̀ kéékèèké), bẹ́líìtì GT2 (bẹ́líìtì eléyín), kẹ́ ẹ wá gbé GRBL, ìyẹn ètò tó ń darí mọ́tò àti lésà, sórí Arduino náà. Tí púlì yín bá léyín 20 tẹ́ ẹ sì lo microstep 16 (ìyẹn pípín ìgbésẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí 16), 80 lẹ máa fi sí $100 àti $101, àwọn ibi tí GRBL ti ń ka iye ìgbésẹ̀ tí mọ́tò á gbé fún mìlímítà kan. Ẹ fi $32 sí 1 kí GRBL lè mọ̀ pé lésà ló ń darí, kẹ́ ẹ máa lo M4, àṣẹ tó ń tan lésà, torí bí mọ́tò bá ṣe ń dẹ eré ní kọ̀rọ̀ ni iná náà á máa rẹlẹ̀, kọ̀rọ̀ ò ní jóná ju ibi tó kù lọ.

Kẹ́ ẹ tó tan án, gọ́gù o, awò tó ń dáàbò bo ojú! Ìgùn ìgbì iná búlúù yìí tó nǹkan bí 450 nanometer, gíláàsì oòrùn ò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ OD (bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó) àti 450 sí lára, kí ẹni tó bá wà ní yàrá náà wọ tiẹ̀, àtọmọdé àtàgbà.

Ó wá kan fókọ́ọ̀sì. Ẹ dín iná kù gan-an, ẹ máa yí lẹ́ńsì, ojú iná á máa kéré títí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Àmọ́ ojú nìkan ò tó, torí ojú iná dáyóòdù, ohun tó ń mú iná lésà yìí jáde, kì í rí roboto, ó máa ń gùn lápá kan ni, ìdí nìyẹn tí ìlà tó wà ní òòró fi lè tín kí ti ìbú sì nípọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ki igi sábẹ́ etí pákó kan kó dagẹ̀rẹ́, mo wá ní kí lésà fa ìlà kan tààrà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ wò ó dáadáa: níbẹ̀rẹ̀ á fẹ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó bá yá á tín bí abẹ́rẹ́, á dúdú kirikiri, lẹ́yìn náà á tún fẹ̀. Ibi tó tín jù yẹn lẹ máa fi pẹ́ńsù sàmì sí, ẹ dá orí lésà padà síbẹ̀, ẹ wọn ìwọ̀n àtibẹ̀ dé ìdí lẹ́ńsì. Mo gé pákó kékeré tó ga tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, òun ni mo ń ki sábẹ́ lẹ́ńsì kí n tó fín ohunkóhun, mi ò tún fojú díwọ̀n mọ́.

Ẹni tó bá gbé lẹ́dà oní-PVC (awọ tí wọ́n fi ike ṣe) wá pé kẹ́ ẹ fín in, ẹ dá a padà fún un, èéfín ẹ̀ ní májèlé, ó sì máa ń jẹ́ kí irin dípẹtà.

Igbá ló dùn mọ́ mi jù. Ìyá kan gbé igbá ìyàwó wá láti Láàgere, wọ́n fẹ́ kí orúkọ yí i ká. Mo ní, “Mà, ó rí rìbìtì, ibi tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ti jáde nínú fókọ́ọ̀sì nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pín in.” A fín díẹ̀, a yí igbá, mo tún ki pákó mi sábẹ́ lẹ́ńsì, a fín òmíràn, bẹ́ẹ̀ la ṣe títí orúkọ fi pé.