Òjò, ọkọ̀ àti ohùn tó há

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Bá a ṣe parí iṣẹ́ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìdájí òní, òjò ń rọ̀, ẹlẹgbẹ́ mi kan, àgbàlagbà ará Ireland, ní òun á fi ọkọ̀ gbé mi. Bó ṣe ṣáná sí i báyìí, orin bú jáde. Ohùn ọkùnrin náà há bí ẹni tó jẹ iyanrìn! Mo ní ta nìyí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Shane MacGowan ni, tó ń kọrin fún The Pogues tẹ́lẹ̀, àwọn tó po orin ìbílẹ̀ Ireland mọ́ pọ́ńkì, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì aláriwo. Ọtí ló mú kí wọ́n lé e ní 1991, nígbà tí wọ́n wà ní Japan. Ló bá kó àwọn mìíràn jọ, ó pè wọ́n ní The Popes (ọ̀mùtí wá dọ̀gá àwọn póòpù!), wọ́n sì gbé àwo orin The Snake jáde ní 1994.

Àfìgbà tó kan orin Haunted, èyí tí MacGowan àti Sinéad O'Connor, akọrin obìnrin ará Ireland, jọ kọ. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ohùn obìnrin náà tutù bí omi àmù, ti ọkùnrin ń wọ́ tẹ̀ lé e bíi sálúbàtà tó ti gbó. 2023 kan náà làwọn méjèèjì kú. Ẹlẹgbẹ́ mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ìka lu sítíárì. A ti dé ẹnu ọ̀nà mi tipẹ́, mi ò bọ́ọ́lẹ̀ títí orin náà fi parí.