Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá ọmọ mi padà sílé kó lè di ọkùnrin

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fídíò kọ́ọ̀lù láti Ìbàdàn ní Sátidé tó kọjá, bí wọ́n ṣe rí mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́ báyìí, wọ́n figbe ta. Wọ́n ní ṣé ohun tí mo bá lọ sí Manchester nìyẹn, pé kí n tètè fi ọmọkùnrin mi ránṣẹ́ sílé kó lè di ọkùnrin. Mo rọra dá wọn lóhùn torí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Àfi bí mo ṣe gé fóònù tí ọmọ ọ̀hún, ọmọ ọdún 14, sọ lẹ́yìn mi pé, "Dádì, òótọ́ ni Ọ́ńkù ń sọ. Ọkùnrin tó bá ń ṣe báyìí, obìnrin ò ní kà á sí." Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá ẹ̀ ń sùn lókè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn, dé ni, wákàtí 12 ló fi wà lórí ìdúró.

Ọ́ńkù ẹ̀ kọ́ ló kọ́ ọ o. Orí fóònù ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sínú mọ́tò olówó ńlá, tí wọ́n ń sọ fáwọn ọmọdé pé owó ni ọkùnrin, ẹ má fọkàn tán obìnrin, bó bá ń dùn yín ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀.

Wọ́n sọ ọ́ fún àwa náà nílé, akọ igi kì í ṣoje, ta ni ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n àwa ní ọkùnrin níwájú wa tá à ń wò. Ní Mọ́kọ́lá, nígbà tí ìyàwó Bàbá Télọ̀ bímọ tí ara ẹ̀ ò yá, bàbá yẹn ló ń pọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, tí mo bá ń lọ síléèwé mo máa ń rí orí ọmọ náà tó ń mì lẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣọkùnrin.

Ibí ńkọ́? Ọdún 9 rèé tá a ti wà nínú ilé yìí, mi ò mọ orúkọ ẹni tá a jọ pín ògiri. Alẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́ ní wíàháòsì, ilé ìkẹ́rùsí, tí mo bá dé ọmọ ti lọ síléèwé, tó bá dé èmi ń múra iṣẹ́, ó wá ku òun àti fóònù ẹ̀ ní yàrá. Kò sí Bàbá Télọ̀ kankan. Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe abọ́ tí mò ń fọ̀.

Síbẹ̀ mi ò ní dá a padà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn náà ń wo fídíò yẹn, èyí tó dàgbà nínú wọn gan-an ló ń fi í ránṣẹ́ sí i. Níbí, tí ọkàn ẹ̀ bá wúwo, ó lè sọ fún dókítà. Òfin tá a dàgbà bá nílé, ẹni tó bá fẹ́ pa ara ẹ̀ tí ò kú, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 1 ni wọ́n kọ sílẹ̀ dè é. Nínú èèyàn 4 tó ń pa ara wọn ní Britain, bíi 3 ló jẹ́ ọkùnrin, òun ni mo máa ń rò tí yàrá ẹ̀ bá ti dákẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ gẹrun lọ́dọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ kan. Onígbàjámọ̀ yẹn ń sọ bí ìyá ẹ̀ ṣe kú nílé tí pépà ìgbélùú òun fúnra ẹ̀ ò tíì jáde, tí ò lè lọ sìnkú, ló bá pa klípà, ó ń nu ojú. Orí ọmọ mi ṣì ku ìdajì. Ó ń wò ó nínú dígí, kò mú fóònù ẹ̀ jáde.