Ta ló di aago náà mú? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìyára àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń yẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú, tí wọ́n ń gbé sáré, wò kí yunifásítì tó gbà wọ́n, ọ̀rọ̀ ìyára ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé òun ni àríyànjiyàn tí ẹ óò máa bá pàdé jùlọ, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà nínú iṣẹ́ yìí.

Ní Houston tí mo ti dàgbà, bí oṣù Kejì bá ti dé, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń fọwọ́ sí ìwé yunifásítì tí wọ́n fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún, ilé bàbá mi kì í gba èrò. Àwọn bọ̀dá àti àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi a jókòó, wọn a máa jiyàn lórí ọmọ ọdún 17 tí kò sí ẹni tó tíì fojú rí i nínú wọn. Ẹnì kan á ní ọmọ náà sá 40 yáàdì (bíi mítà 36 àbọ̀) ní ìṣẹ́jú àáyá 4.3, pé kò sí ẹni tí yóò lé e bá. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ nìkan ló ní, kò mọ bọ́ọ̀lù mú. Àgbà kan á wá fi òwe gbe ẹnì kan nínú wọn pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn wọ̀nyẹn gan-an. Síbẹ̀, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè pé ta ló di aago náà mú.

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ aago máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọmọ bá gbéra, nítorí ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kí ọwọ́ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní òpin eré, ó ti ń wo ọmọ náà bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é, kò ní pẹ́ mọ́. Bí àkókò ṣe ń dín kù nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnì kan purọ́. Nínú eré sísá 100 mítà, 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún àkókò àfọwọ́tẹ̀ kí wọ́n tó fi í wé ti ẹ̀rọ. Ẹ wá rò ó wò: láàárín 4.4 àti 4.6 ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń pín àwọn ọmọ sí ẹni tó yára àti ẹni tí kò yára, àṣìṣe ọwọ́ sì lè tó gbogbo àyè yẹn. Kódà ní Indianapolis, níbi tí NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe, ti ń yẹ àwọn tó ń bọ̀ láti yunifásítì wò, ọwọ́ ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ aago, ẹ̀rọ ló ń dá a dúró. Ìdí rèé tí mo fi gba àkókò 100 mítà gbọ́ ju ti 40 yáàdì lọ, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n, tí afẹ́fẹ́ tó ń ti ọmọ náà lẹ́yìn kò sì ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Texas, wọ́n rán mi lọ wo ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ipò wide receiver, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Òjò ti rọ̀ sórí koríko. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ aago, mo rí 4.71, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yára tó, mo sì pa ìwé rẹ̀ dé. Ọmọ náà lọ sí yunifásítì kékeré kan, fún ọdún mẹ́ta ni ó sì ń sá kọjá àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo padà lọ wo fídíò rẹ̀ àtijọ́, ohun tí mo rí dùn mí: kì í dẹ ẹsẹ̀ kó tó yà, bí ó sì ṣe ń sáré kí bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló ṣe ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ̀ ọ́.

Fídíò yẹn ló kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo ń lò títí di òní. Wọ́n fa ìlà sórí pápá ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, fídíò tó wọ́pọ̀ sì ní àwòrán 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá ibi tí ọmọ náà ti ń sá eré àsápajúdé, kí ẹ ka iye àwòrán tó kọjá láti ìlà kan dé èkejì. Bí ó bá fi àwòrán 60 sá 20 yáàdì, ìṣẹ́jú àáyá méjì ló lò, ìyẹn sì súnmọ́ kìlómítà 33 ní wákàtí kan, pẹ̀lú akoto lórí àti ẹni tó ń lé e lẹ́yìn. Ẹ béèrè fún fídíò gbogbo ìdíje náà, ẹ má ṣe fi èyí tí wọ́n gé mọ níwọ̀n ṣèdájọ́.

Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ méjì jáde láti ìpínlẹ̀ Washington lọ sí Indianapolis. John Ross, ti yunifásítì ńlá tó wà ní Seattle, sá 40 yáàdì ní 4.22, títí di ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ẹni kẹsàn-án tí àwọn ikọ̀ NFL yàn lọ́dún náà ni. Cooper Kupp, ti yunifásítì Eastern Washington, sá tirẹ̀ ní 4.62, ẹni kọkàndínláàádọ́rin ni. Ìpalára dá Ross dúró lemọ́lemọ́, n kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tó fi bọ́ọ̀lù tó gbà kó 1,000 yáàdì jọ. Ní 2021 nìkan, Kupp kó 1,947.

Ẹ má tìtorí èyí pe ìyára ní asán. Ní oṣù Kẹwàá 2020, DK Metcalf, agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ Seattle, lé Budda Baker ti ikọ̀ Arizona, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá lọ, bá lórí pápá nígbà tí ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti bọ́, ó sá eré tó ju kìlómítà 36 lọ ní wákàtí kan. Metcalf yìí kan náà ni àwọn ènìyàn jiyàn lé lórí ní 2019 pé kò lè yípo dáadáa, nítorí 7.38 tó sá níbi ìdánwò àyípo. 64 ni ipò tí wọ́n ti yàn án. Ọmọ wa Kabeer Gbàjàbíàmílà náà wà níbẹ̀: ó yára, wọ́n ní ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ipò rẹ̀, ikọ̀ Green Bay mú un ní ipò 149 ní ọdún 2000, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún gbà á padà, òun ló sì wá borí iye ìgbà tí Reggie White mú quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) balẹ̀ fún ikọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó nítòsí ìyá agbábọ́ọ̀lù kan ní pápá, àwọn olólùfẹ́ tó wà lẹ́yìn wa sì ń sọ ọ́ kíkankíkan pé ẹsẹ̀ ọmọ náà wúwo bí òkúta. Obìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn tẹjú mọ́ pápá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ìròyìn mi bí ẹni pé ìyá ọmọ ni yóò kà á. Mo ṣì ń kọ àkókò 40 yáàdì sí i, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ irú aago, irú ilẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí n kò bá sì mọ̀ nínú wọn, mo máa ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.