Ikùn Màámi yó, ara wọn ò rí nǹkan jẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá mo lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ mi kan l'Ádatán l'Abẹ́òkúta, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń mu ògì funfun báláú, kò sí àkàrà, kò sí mìlíìkì, kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọ wọn wá ń sọ fún mi pé "wọn ò fẹ́ nǹkan míì mọ́, àgbà ti dé ni," ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lèmi náà ń sọ nípa Màámi ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àyà mi já.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìtòkú ni wọ́n ti rẹ aṣọ láti kékeré, àdìrẹ ẹlẹ́kọ niṣẹ́ wọn, orúnkún ló ní kí wọ́n jókòó. Oúnjẹ wọn nígbà yẹn, ẹ jẹ́ n kà á fún yín: láàárọ̀ ògì, tàbí tíì àti búrẹ́dì. Lọ́sàn-án wọ́n lè má jẹ nǹkan kan. Tó bá di alẹ́, láfún (ẹ̀yin Ẹ̀gbá ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè gba láfún lọ́wọ́ wa), ewédú, àti pọ̀nmọ́ méjì. Eyín wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí náà ẹran ti di ìjà, ẹja tá a bá sì bù sí i, àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n máa ń nà án sí, pé kí ni àgbà fẹ́ fi ẹja ṣe. Wọ́n á jẹ láfún yẹn tán, wọ́n á lá ọwọ́, wọ́n á ní "mo yó, Ọlọ́run ṣeun." Ta ló máa wo irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kó ní ebi ń pa ẹni tó ni ín?

Ọ̀rọ̀ sálúbàtà ló tú àṣírí ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n rìn dé pálọ̀, wọ́n jókòó, wọn ò mọ̀. Èmi ni mo mú un wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Mo ní "Màámi, bàtà yín rèé." Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù mélòó kan tó ń ṣe àwọn bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn, nígbà míì bíi pé orí òwú làwọn ń tẹ̀. Ahọ́n ń ta wọ́n. Wọ́n ń gbàgbé nǹkan. Ó ń rẹ̀ wọ́n ṣáá.

Ibi tá a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, oògùn ara ríro ni wọ́n fún wa àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò kan, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Oṣù méjì kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Ibi kejì ni Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, dókítà ọmọdébìnrin kan tí kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, kò bèèrè ibi tó ń dùn wọ́n, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni "Màmá, kí lẹ jẹ lánàá? Ìjẹta ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló ní ká kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò síta. Màámi ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, nígbà tí èsì dé, fàítámìn B12 ara wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Mo fẹ́ ká dúró lórí B12 yìí dáadáa nítorí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń tọ́jú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Èyí tí àgbà nílò lójúmọ́ ò ju máíkírógírámù 2.4 lọ, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ pín gírámù kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kẹ́ ẹ mú bíi méjì ààbọ̀ níbẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí i nínú láfún, kò sí i nínú ògì, kò sí i nínú ẹ̀fọ́ kankan. Inú ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin àti mìlíìkì ló wà. Pọ̀nmọ́ tá a gbójú lé yẹn, awọ ni, kò lè ṣe iṣẹ́ ẹran, pùròtíìnì (èròjà tó ń tún ara ṣe) inú ẹ̀ pàápàá ò pé.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ ò tán síbi kéèyàn jẹ ẹran. Omi kíkan inú ikùn ló ń tú B12 kúrò lára ẹran àti ẹja, bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń lọ sókè ni omi kíkan yẹn ń dínkù lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Metformin tún máa ń dín B12 kù tó bá pẹ́ lára, oògùn ọgbẹ́ inú bíi omeprazole náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1998 làwọn onímọ̀ Institute of Medicine l'Ámẹ́ríkà ti sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, bíi 10 sí 30 lè má lè gba B12 inú oúnjẹ dáadáa mọ́, pé kí ẹni tó bá ti lé ní 50 máa rí i nínú oúnjẹ tí wọ́n fi fàítámìn kún tàbí nínú oògùn, nítorí pé ìyẹn ò sí lára ẹran tí ikùn ní láti tú u kúrò.

Bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún Màámi kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo wá ní, "Màámi, ṣé ẹ rántí ibi tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ̀kọ kọ nǹkan sára aṣọ? Tẹ́ ẹ bá rẹ aṣọ yẹn sínú aró lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣé ibẹ̀ yẹn á mu aró?" Wọ́n ní rárá, funfun ni ibẹ̀ máa wà. Mo ní bí ikùn yín ṣe ń ṣe sí B12 nìyẹn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní "Ẹ̀n-ẹ́n. Aró wà níbẹ̀, kò wọlé." Láti ọjọ́ yẹn wọn ò bá mi jiyàn abẹ́rẹ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ B12 ni wọ́n ń gbà, metformin ò dúró o, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́nikẹ́ni má lọ dá oògùn ṣúgà dúró fúnra ẹ̀ nítorí ohun tí mo kọ, dókítà ló ń sọ ìyẹn.

Ìdáná ilé wa náà wá yí padà. Mo lọ sí Kútọ̀ ra edé àti ẹja yọ́yọ́ gbígbẹ, mo yọ iyanrìn inú ẹ̀, mo yan án díẹ̀, mo fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́ t'orí t'egungun títí ó fi kúnná bí èlùbọ́, mo rọ ọ́ sínú ike. Inú egungun yẹn ni kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú egungun èèyàn le wà. Ṣíbí ńlá méjì ló ń wọ ọbẹ̀ Màámi ní gbogbo ìgbà, kò sí pé eyín ò sí, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mú un fún ọmọ-ọmọ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje tá à ń dúró de ọdún ká tó jẹ, a ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ báyìí, ẹyin àti ẹja títùs wà nínú ẹ̀, ó rọ̀, ó ń gbà wọ́n lọ́fun. Tí ògì bá wà láàárọ̀, mìlíìkì wà nínú ẹ̀, ẹyin sísè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tá a bá sẹ́ ògì, èèrí tá à ń kó fún ewúrẹ́ yẹn, púpọ̀ nínú ohun tó dáa nínú àgbàdo bá a lọ.

Àwọn onímọ̀ ń dábàá pé kí àgbà máa jẹ pùròtíìnì bíi gírámù 1 sí 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Màámi wọn kílò 58. Ẹyin kan ò ju bíi gírámù 6 lọ, nítorí náà ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ẹja fíntín kan lálẹ́ ò lè débẹ̀ láéláé. Àgbà kì í jẹun púpọ̀ mọ́, òótọ́ ni, okun tí wọ́n nílò dínkù, ṣùgbọ́n fàítámìn tí wọ́n nílò ò dínkù, òmíràn tiẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Abọ́ kékeré yẹn ló gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? A máa ń gé e wẹ́wẹ́ tán ká tó fọ̀ ọ́, a ó tún fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, a ó fún un gbẹ, omi aláwọ̀ ewé tá à ń dà nù yẹn, fàítámìn C àti folate (fàítámìn B kan ni) wà nínú ẹ̀. Mo ń fọ̀ ọ́ kí n tó gé e báyìí, iná díẹ̀ ló sì ń rí. Káún ti kúrò nínú ewédú wa pátápátá, ó ń ba fàítámìn jẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀ ò sì dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Tíì náà ò bá oúnjẹ rìn mọ́, torí ó máa ń dí irin inú ẹ̀fọ́ (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) lọ́wọ́ láti wọ ara, ó di bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, ọsàn tàbí agbálùmọ̀ ló wà ní àyè ẹ̀. Ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ò bá dáa kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ nípa èso àti ẹ̀fọ́ ná.

Oòrùn náà, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Màámi máa ń jókòó sínú pálọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ìborùn lọ́rùn, súẹ́tà lára. Awọ àgbà ò lè ṣe fàítámìn D bíi ti ọ̀dọ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹni tó bá ti lé ní 70 máa rí 800 IU (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fàítámìn) lójúmọ́ nígbà tó jẹ́ 600 fún ọ̀dọ́. Mo gbé àga sí iwájú ilé, apá àti ẹsẹ̀ ń rí oòrùn díẹ̀, wọ́n sì ń kí àwọn tó ń kọjá, ìyẹn nìkan tiẹ̀ ti mú ara wọn yá.

Ẹ má lọ ra oògùn fàítámìn tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ o. Fàítámìn A àti D tó bá pọ̀ jù ń ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì kẹ́ ẹ mọ èyí tó dínkù.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi ò tíì bọ̀ sípò tán, èèrà yẹn ṣì ń rìn nígbà míì. Ṣùgbọ́n ní Wẹ́sìdé tó kọjá mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí láti pálọ̀, pé kí n bá àwọn wá sálúbàtà àwọn, pé símẹ́ǹtì yẹn ti tutù jù.