Rúlà, Obì àti Ìyára Ọwọ́

Bí ìdánwò bá ti dé ní Gwagwalada, obì á máa tà lóru. Gbogbo wa la gbà pé obì ń lé oorun lọ. Ṣé ó ń mú ọwọ́ yá pẹ̀lú? Rúlà 30 cm kan tó láti wádìí rẹ̀.

Kí ẹni tí ẹ fẹ́ dán wò jókòó, kó gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ rẹ̀ yọ síta. Ẹ di orí rúlà mú, kí òdo rẹ̀ wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀, láìkàn án. Ẹ má ka "ení, èjì, ẹ̀ta" fún un o. Ẹ ṣàdédé jù ú sílẹ̀. Bó bá mú un ní 20 cm, ìṣẹ́jú-àáyá 0.20 ló gbà á. Bó bá jẹ́ 10 cm, 0.14 ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìdajì: bí nǹkan bá ṣe ń jábọ́ ló ń yára sí i. Ẹ fi 490 pín iye sẹ̀ńtímítà, kí ẹ wá square root rẹ̀.

Àwọn tíṣà kan máa ń pe èyí ní reflex. Kì í ṣe òun. Reflex ni ohun tí ara ń ṣe láìdúró de ọpọlọ. Bí ọwọ́ bá kan ìkòkò gbígbóná, inú eegun ẹ̀yìn ni àṣẹ "fà á kúrò" ti ń jáde, kí ìrora tó dé orí. Ti rúlà gbọ́dọ̀ gba ojú lọ sí ìpàkọ́, níbi tí ọpọlọ ti ń mọ ohun tí a rí, kó tó sọ̀ kalẹ̀ gba eegun ẹ̀yìn dé ìka. Ní 1850, Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, wọn bí àṣẹ ṣe ń yára tó nínú iṣan (nerve) ọ̀pọ̀lọ́ (ọpọlọ là ń wá, ọ̀pọ̀lọ́ la fi bẹ̀rẹ̀), ó sì rí nǹkan bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tèèyàn yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìrìn láti orí dé ìka kò gba àkókò púpọ̀. Ojú àti ọpọlọ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù.

Ó wá ku obì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a ní kí àwọn tó ń jẹ ẹ́ tò sápá kan, kí àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tò sápá kejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tí kò sùn ló ń jẹ ẹ́! Bí ẹ bá ní èèyàn 20, ẹ ká bébà 20, ẹ kọ "obì" sí 10, kí kálukú mú tiẹ̀ nínú abọ́. Gbànja, tí àwọn Hausa ń pè ní goro, ni kí gbogbo àwọn tó bá mú "obì" jẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, torí awẹ́ kan kì í tóbi tó èkejì. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ bá wọn jẹ ẹ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 45 kí káféìnì, èròjà inú rẹ̀ tó ń lé oorun, lè wọra.

Ìjùsílẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sí lára rẹ̀, ọwọ́ ṣì ń mọ́ ọn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ju mẹ́wàá, ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ẹ mú ìdajì àpapọ̀ méjì tó wà láàárín, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Bí rúlà bá já bọ́ pátápátá, ẹ kọ "ju 30 lọ". Ẹ má pa á rẹ́.

Ibi tí ìwádìí yìí ti mẹ́hẹ kò ṣeé fi pamọ́: ẹnu kò lè ṣàìmọ ìkorò obì, ìrètí nìkan sì lè mú kí ẹni náà túbọ̀ fọkàn sí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ tún wà. Bí kò bá rí i láti àárọ̀, ara rẹ̀ á ti wúwo, obì kàn dá a padà sípò ni. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ìyàtọ̀ bá wá jẹ́ 0.01, ẹ rántí pé ní àyíká 20 cm, sẹ̀ńtímítà méjì péré nìyẹn lórí rúlà. Ẹnì kan náà lè mú un ní 16, kó tún mú un ní 21, láìfẹnu kan obì.