Ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi: fún ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn erékùṣù inú ayé àròsọ

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń hun ayé àròsọ, ìbáà ṣe fún ìwé, ìbáà ṣe fún géèmù, ojú kan náà ni ẹ ti máa ń kọsẹ̀. Ẹ ó ya erékùṣù kan sí ìpẹ̀kun òkun, kí tàdáwà tó gbẹ, ọba mẹ́tàdínlógún ti jẹ níbẹ̀, ogun mẹ́fà ti jà. Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Kí ló gbé e débẹ̀? Ẹ ò sọ.

Ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ohun tí ọkọ̀ bá gbé wá ni ará erékùṣù ń gbìn, òun ló ń wọ̀, òun ló fi ń roko. Àìsàn tí ọkọ̀ bá gbé wá ló ń pa á.

Ọjọ́ ni kí ẹ fi ka ọ̀nà. Ká ní ilẹ̀ tó sún mọ́ wọn jù jẹ́ 1,200 kìlómítà, tí ọkọ̀ onígbòkun wọn sì ń rin 120 lójúmọ́. Ọjọ́ 10 nìyẹn. Èèyàn 40, lítà omi 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ó di lítà 800. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ségesège tí ọjọ́ 10 di 20, ó di 1,600, omi yẹn nìkan sì wúwo ju ogún géńdé lọ. Ibi ìṣirò kékeré yìí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá àyè ewúrẹ́ ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ tó gbé wọn lọ lè má gbé wọn bọ̀. Bí ó bá ń fẹ́ síhà kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́jọ, ọba ilé lè kú kí wọ́n ṣì máa gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí. Èèyàn 40 tó ń fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún yóò di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún 35. Lẹ́yìn ọdún 140, wọ́n á tó 640. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan péré, 160 ni. Nínú 640, géńdé ọkùnrin lè má ju 150 lọ. Ẹ pa 100 nínú wọn lójú ogun kan, kí ẹ wá sọ ẹni tí yóò pẹja lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wo erékùṣù Tristan da Cunha ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Láti ibẹ̀ dé St Helena, ibi tí èèyàn ń gbé tó sún mọ́ ọn jù, tó 2,400 kìlómítà. Lọ́dún 1816, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sójà síbẹ̀ torí Napoleon, olú-ọba Faransé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n há mọ́ St Helena, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ wá gbà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé lọ́dún 1817, William Glass ní òun àti ará ilé òun kò lọ mọ́, àwọn díẹ̀ sì bá a dúró. Bí ìlú ṣe dá nìyẹn. Orúkọ ìdílé méje péré ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, méjì nínú wọn, Repetto àti Lavarello, sì jẹ́ ti atukọ̀ ará Ítálì tí ọkọ̀ wọn fọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1892. Igi tó tó ọkọ̀ í gbẹ́ kò sí, torí náà igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀, wọ́n á na kanfáàsì bò ó, wọ́n á wá kùn ún kí omi má baà wọlé. Lọ́dún 1885, ọkùnrin 15 wa ọkọ̀ lọ pàdé ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá, kí wọ́n lè bá a ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà. Wọn ò padà mọ́. Ìlú tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó 150 ni o.

Igi ṣe pàtàkì ju ọba lọ. Bí igi ńlá bá tán, ọkọ̀ á kéré. Bí ọkọ̀ bá kéré, ẹja ojú agbami á dàwátì, ààtàn ìlú á wá kún fún ìkarahun etí omi. Ní ìlà oòrùn Polynesia, nínú òkun Pàsífíìkì, erékùṣù Henderson kò ní òkúta tó ṣeé fi ṣe àáké, erékùṣù Pitcairn ní in. Mangareva ló ní ìkarahun ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀ ẹja. Wọ́n ń bá ara wọn ná ọjà. Ẹ̀rí inú ilẹ̀ fi hàn pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 1450, ẹrù àlejò kò dé Henderson mọ́, àwọn onímọ̀ sì ka igi tó tán ní Mangareva mọ́ ohun tó fà á. Nígbà tí ọkọ̀ Yúróòpù dé Henderson ní 1606, kò bá ẹnikẹ́ni. Pitcairn náà ti ṣófo kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú ọkọ̀ Bounty tó sá débẹ̀ ní 1790.

Ẹ fún erékùṣù yín ní orúkọ méjì. Ẹ wo erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì: Rapa Nui ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é lónìí. Roggeveen ará Họ́láǹdì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde 1722, ló bá sọ ọ́ ní Erékùṣù Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa: Èkó ni lẹ́nu onílé, Lagos ni lórí máàpù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ kọ ìtàn dídé wọn lọ́nà méjì, kí ọdún má sì bára mu. Ọba 17, tí kálukú fi 20 ọdún jọba, jẹ́ 340. Bí ìwé àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ bá ní ọdún 280 ni, ẹ má ṣàtúnṣe. Ònkàwé tó bá gbọ́n yóò béèrè ọba wo ni wọ́n fi kún un, àbí àwọn méjì wo ló jọba pọ̀.

Ọkọ̀ tó ń kó nǹkan lọ náà wà. Lọ́dún 1862, àwọn ajínigbé láti Peru dé Rapa Nui, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 1,000. Ìwọ̀nba tó padà gbé ṣànpọ̀nná bọ̀. Nígbà tó fi máa di 1877, èèyàn 111 ló ṣẹ́ kù. Àwọn tó mọ rongorongo kà, ìyẹn àmì tí wọ́n ń fín sára pákó, bá ìṣẹ̀lẹ̀ yìí lọ, títí dòní kò sẹ́ni tó rí i kà.

Èyí tí ẹ máa ń gbàgbé jù ni òpin. Ní St Kilda, ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, ikọ́ máa ń mú gbogbo ìlú tí ọkọ̀ àlejò bá ti gúnlẹ̀. Ẹyẹ orí àpáta ni wọ́n fi ń jẹun, okùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un. Nígbà tí ọ̀dọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, apá tó lè di okùn mú kò tó mọ́. Àwọn fúnra wọn ló kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n wá kó àwọn, èèyàn 36 ló sì wọkọ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ 1930. Wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ṣí Bíbélì sílẹ̀, pẹ̀lú òkìtì ọkà óòtì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí erékùṣù tiyín náà bá máa ṣófo, ẹ sọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé fún wa.